Bí Agbára Oòrùn Bá Dínkù, Ṣé Ọjà Yóò Wọ́n?

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti ẹnu dé ẹnu láàárín àwa oníṣòwò àti àgbẹ̀. Wọ́n ní agbára oòrùn ń dínkù, wọ́n ní otútù ńlá ń bọ̀ wá bá gbogbo ayé, pé oúnjẹ yóò wọ́n gógó. Nítorí náà, kí oníkálùkù tètè yá owó, kó ra ọjà pamọ́. Nígbà tó jẹ́ pé owó àjẹṣẹ́kù ni àwọn mìíràn ń rò láti yá fún un, a rí i pé ó yẹ kí a là á yé ara wa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí òótọ́ náà parí sí.

ÀMÌ DÚDÚ OJÚ OÒRÙN

Oòrùn tí à ń wò yìí, ojú rẹ̀ kò mọ́ kedere bí a ti rò. Àwọn àmì dúdú máa ń yọ sí i, wọn a wà níbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọn a sì pòórá. Òmíràn nínú wọn tóbi ju gbogbo ayé wa yìí lọ. Kì í ṣe pé ibẹ̀ dúdú bí èédú o. Kò kàn gbóná tó àyíká rẹ̀ ni. Ojú oòrùn gbóná tó nǹkan bí 5,500 dígírì Celsius, ṣùgbọ́n àárín àmì bẹ́ẹ̀ lè má ju nǹkan bí 3,500 lọ. Agbára òòfà tó wà nínú oòrùn ló ń fà á: ó ń lọ́ mọ́ra bí okùn, ó sì ń dí ooru lọ́nà kó má lè ru sókè níbẹ̀.

Galileo, ará Ítálì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn rí àmì wọ̀nyí ní nǹkan bí 1610 sí 1612. (Kí ẹnikẹ́ni má dán irú rẹ̀ wò o! Wíwo oòrùn lójúkojú ń fọ́ ojú.) Ní Jámánì, ọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ apoògùn, Heinrich Schwabe, bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn àmì náà ní 1826. Ní gbogbo ọjọ́ tí oòrùn bá yọ, á kà, á kọ ọ́ sílẹ̀, bí akápò ṣe ń kọ owó sínú ìwé. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó sọ ohun tó rí: àmì wọ̀nyí a máa pọ̀, wọn a dínkù, wọn a tún pọ̀. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 11 ni ó ń gbà kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìgbà tí àmì dúdú bá pọ̀ gan-an ni oòrùn ń ràn jù. Àwọn ibi tó ń tàn yòò máa ń wà nítòsí àmì dúdú, ìmọ́lẹ̀ wọn sì ju ohun tí dúdú náà gbà lọ. Nítorí náà, bí àmì bá dínkù, agbára oòrùn náà dínkù díẹ̀ nìyẹn.

ÀÁDỌ́RIN ỌDÚN TÍ OÒRÙN SÙN

Láti 1645 sí 1715, àmì dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọ rárá. Edward Maunder àti Annie aya rẹ̀, àwọn ará Ìlú Ọba, tú àkọsílẹ̀ àtijọ́ láti fi ìdí èyí múlẹ̀. Ní 1976, John Eddy, ará Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rí tuntun gbè é lẹ́sẹ̀, ó sì fi orúkọ Maunder pe àkókò náà.

Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, otútù mú ní Yúróòpù. Ní ìgbà òtútù 1683 sí 1684, odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù dì gbagidi. Àwọn oníṣòwò pa àtíbàbà lórí omi tó dì náà, wọ́n ń ta oúnjẹ àti ọtí. Ọjà gidi ni wọ́n ná lórí odò!

Ibí yìí ni àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri máa ń dúró sí. Wọn kì í sọ ìyókù. Otútù ti ń mú ní Yúróòpù ṣáájú 1645. Àwọn òkè tó ń yọ iná ń tú eérú àti èéfín sójú ọ̀run, èyí sì ń dí ìtànṣán oòrùn. Afárá àtijọ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó rẹ̀ tún dá omi dúró, kò jẹ́ kó sáré. Oòrùn lọ́wọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́.

ÀWỌN TÓ FI OÒRÙN ṢÍRÒ ỌJÀ

Ẹ má rò pé àwa ni a kọ́kọ́ bi ara wa bóyá oòrùn ń mú ọjà wọ́n. Ní 1801, William Herschel, gbajúmọ̀ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, sọ ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun wo iye tí wọ́n ń ta àlìkámà láyé àtijọ́, òun sì rí i pé ó wọ́n nígbà tí àmì dúdú kò pọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni William Stanley Jevons, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ọrọ̀ ajé, gbé e dìde ní 1875 àti 1878. Ó kíyè sí i pé ọjà máa ń dẹnu kọlẹ̀ ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó ní oòrùn ló ń ba ìkórè jẹ́ ní Íńdíà. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò ní rówó ra ọjà Gẹ̀ẹ́sì, òwò á sì kú. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni Jevons, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò dúró. Ọjà kò tẹ̀ lé oòrùn lẹ́yìn rẹ̀.

Àkùkọ a kọ, ilẹ̀ a mọ́. Síbẹ̀ àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́. Bí a bá pa á jẹ lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ lọ́la. Nǹkan méjì lè máa rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

OHUN TÍ Ẹ̀RỌ FI HÀN

Láti 1978 ni sátẹ́láìtì ti ń wọn agbára oòrùn láti òkè. Láàárín ìgbà tó lágbára jù àti ìgbà tó rẹ̀ jù nínú ọdún 11 náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Ìyẹn ni pé nínú náírà 1,000, náírà 1 péré ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ìdí tí ariwo fi pọ̀ nìyí: ní 2008, ó lé ní 260 ọjọ́ tí oòrùn kò ní àmì kankan. Ìyípo tó tẹ̀ lé e, tó dé góńgó ní 2014, sì rẹ̀ gan-an. Àwọn kan ní oòrùn ti fẹ́ sùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n ayé kò tutù. Nígbà tí 2024 parí, ọdún mẹ́wàá tó wà láàárín 2015 sí 2024 ló gbóná jù nínú gbogbo èyí tí a ti fi ẹ̀rọ wọ̀n rí títí di ìgbà náà. Oòrùn fúnra rẹ̀ náà kò sùn: ìyípo tó bẹ̀rẹ̀ ní December 2019 lágbára ju bí wọ́n ti retí lọ, ní October 2024 sì ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé ó ti dé àkókò góńgó rẹ̀. Bó bá tún ń dínkù lẹ́yìn góńgó, ìṣe rẹ̀ ni, kì í ṣe àrùn.

Kí ló wá ń mú ayé gbóná? Èéfín èédú, epo àti gáàsì tí à ń sun ni. Ṣáájú ayé ilé iṣẹ́ ńlá, nínú afẹ́fẹ́ tó jẹ́ mílíọ̀nù kan ìdá, nǹkan bí 280 ni èéfín yìí. Ní 2024, ó ti lé ní 420. Ó bo ayé bí aṣọ òtútù.

Bí oòrùn bá tilẹ̀ sùn bí ó ti sùn ní 1645, àwọn onímọ̀ ṣírò pé ayé kò ní tutù ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá dígírì kan lọ. Ayé sì ti gbóná kọjá dígírì kan. Ẹni tó jẹ gbèsè náírà 12, tí a bá a san náírà 3, gbèsè ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, èlé sì ń gorí rẹ̀.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Òjò tiwa ń ti orí òkun bọ̀, ooru inú òkun sì ni ohun pàtàkì tó ń sọ bóyá yóò pọ̀ tàbí yóò wọ́n. Ìyípadà nínú ooru òkun ló mú ọ̀dá tó jà ní òkè ọya ní 1970 sí 1989 le tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àsọtẹ́lẹ̀ òjò tí àjọ ojú ọjọ́ ilẹ̀ wa ń gbé jáde lọ́dọọdún ni kí àgbẹ̀ fetí sí, kì í ṣe iye àmì tó wà lójú oòrùn.

Ní ti ẹ̀yáwó, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà pamọ́. Iṣẹ́ wa ni. Ṣùgbọ́n kí a rà á nítorí pé a mọ ìgbà ìkórè, a ní àká tó dára, a sì mọ ẹni tí yóò rà á lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá kó àgbàdo pamọ́ nítorí pé oòrùn fẹ́ sùn, kó rántí pé kòkòrò kì í dúró de ọdún 11, èlé ẹgbẹ́ náà kì í sì í sùn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì yé, kó gbé ìbéèrè rẹ̀ wá sí ìpàdé. A ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.