Ìwọ̀n Ọ̀rọ̀ Kan: "Mọ̀ọ́mọ̀" Nínú Òfin Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá

Iṣẹ́ wa nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ni kí a máa wọn ọ̀rọ̀ wò. Iṣẹ́ náà kò pin sí inú ewì àti ìtàn àròsọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ inú òfin, ó lè dáàbò bo ara ènìyàn, ó sì lè jọ̀wọ́ ara náà fún ewu. Òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje, ọdún 1982, Faransé àti Ìwọ̀-oòrùn Jámánì pàdé ní ìlú Seville ní ilẹ̀ Sípéènì, nínú ìpele tó kángun sí àṣekágbá Ife Àgbáyé. Patrick Battiston, àrọ́pò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún Faransé, gbá bọ́ọ̀lù kan, bọ́ọ̀lù náà sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá. Harald Schumacher, aṣọ́lé Jámánì, ti sáré jáde. Ó fò sókè, ó sì fi ìbàdí gbá a lójú. Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ara bọ́ọ̀lù ni ojú Battiston wà. Ó dákú, eyín yọ lẹ́nu rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ sì sán. Rẹfirí Charles Corver, ará Họ́láńdì, kò ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ rárá: ó ní kí Jámánì gbá bọ́ọ̀lù láti ẹnu ilé wọn. Àrọ́pò méjì péré ni òfin gbà nígbà náà. Ti Faransé tán síbẹ̀. Góòlù 3 sí 3 ni wọ́n fi parí. Nígbà tí ó di pẹnárítì, Schumacher mú méjì, Jámánì sì borí, 5 sí 4. Ẹni tó ṣe ni ó gba èrè. Ẹni tí a ṣe ni ó san gbèsè.

Kí ni òfin wí? Òfin Kejìlá ìgbà náà ka ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́sàn-án. Fífò lu ẹlòmíràn wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣíwájú gbogbo wọn: agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó tó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ yìí sọ rẹfirí di ẹni tí ń wá ohun tó wà nínú ọkàn. Ẹni tó bá ti lè wí pé, "Bọ́ọ̀lù ni mo ń lé," ti rí ibi sá sí.

Ní 1995, ìgbìmọ̀ aṣòfin bọ́ọ̀lù yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lára irú ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyí. Láti ìgbà náà, ìṣe ni rẹfirí ń wò. Bí ó bá jẹ́ àìfarabalẹ̀ lásán, yóò fún àwọn tí a ṣẹ̀ ní bọ́ọ̀lù. Bí ó bá jẹ́ àìbìkítà sí ewu, káàdì yẹ́lò ni. Bí ó bá jẹ́ agbára àpọ̀jù tó lè ṣeni léṣe gidi, káàdì pupa ni.

Àwọn kan lè bi wá pé: ṣé èèṣì àti ìkà ti wá di ọ̀kan náà ni? Rárá o. Iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí, níbi tí àyè wà láti gbọ́ ẹjọ́, ni ó yẹ kí a ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó dára kò ní ojú fúnra rẹ̀. Ní àṣekágbá 2010, Nigel de Jong fi ẹsẹ̀ ta Xabi Alonso láyà, káàdì yẹ́lò péré ni ó gbà. Irú àṣìṣe báyìí wà lára ìdí tí a fi mú àwòrán fídíò wọ Ife Àgbáyé ní 2018.

Eré ni à ń fi ọmọ ayò ṣe. Ọmọ ayò kò ní eyín, kò sì ní egungun ìhà. Agbábọ́ọ̀lù ní méjèèjì.