Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Kì í Ṣe Ìyẹ̀wù

Àlejò tó bá wá sí agbo ilé wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń fún un lómi. Bó ti wù kó jẹ́ èèyàn iyì tó, kò ní gba ibẹ̀ kọjá sí ìyẹ̀wù. Lọ́dún 2013, iléeṣẹ́ Target, òǹtajà ńlá l'Amẹ́ríkà, kò fi ògiri tó nípọn pààlà sáàárín méjèèjì. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, ní páásíwọ́ọ̀dù tó fi ń fi ìwé owó iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn olè jí páásíwọ́ọ̀dù yẹn, wọ́n fi wọlé, wọ́n sì rìn títí wọ́n fi dé ẹ̀rọ tí oníbàárà ń fi káàdì sanwó. Àsìkò ọjà Kérésì ni. Nọ́ńbà káàdì bíi 40 mílíọ̀nù ló bá wọn lọ.

Ibi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti lè débi gbogbo nínú kọ̀ǹpútà rọrùn láti ṣiṣẹ́, mi ò ní parọ́. Ẹni tó bá wà nítòsí ló ń dá oníbàárà lóhùn; kò sí pé ẹ padà wá lọ́la, ọ̀gá ò sí nílé. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí olè bá tàn jẹ, gbogbo ilé ló kó lé e lọ́wọ́. Ọ̀nà kejì ni èyí tí Jerome Saltzer àti Michael Schroeder kọ sílẹ̀ lọ́dún 1975: kí olúkúlùkù ní ìwọ̀nba àṣẹ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́, kó má lé. Akọ̀wé tó bá ṣèèṣì tẹ lẹ́tà ayédèrú níbẹ̀, orí tábìlì tirẹ̀ ni òfò náà máa mọ.

Ìkejì yìí ni mo fara mọ́. Síbẹ̀, mo ti rí ibi tó ti bàjẹ́. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ọ̀gá ìṣirò owó nìkan ló lè ṣí ìwé owó oṣù. Bó bá rìnrìn àjò, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà tọrọ àṣẹ, ó di ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Kò pẹ́ tí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fi di bébà pélébé tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́ abẹ́ kíbọ́ọ̀dù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà yí kíbọ́ọ̀dù yẹn dojú dé, ẹ máa rí i.” Lọ́jọ́ tí àṣírí tú pé ẹnì kan ti yí iye owó padà, orúkọ ọ̀gá ni kọ̀ǹpútà gbé jáde, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni obìnrin náà wà. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an nígbà tí wọ́n ní kó wá rojọ́.

Ilẹ̀kùn tí kò ní ẹni tí ń yára ṣí i, àwọn ọmọ ilé gan-an ni yóò dá ògiri lu. Ó tún ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tì í. Lọ́dún 2021, ọ̀nà ìwọlé àtijọ́ kan tí kò yẹ kó ṣì máa ṣiṣẹ́ ni olè gbà wọ Colonial Pipeline, iléeṣẹ́ tó ń fi ọ̀pá gbé epo l'Amẹ́ríkà. Páásíwọ́ọ̀dù nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là fáwọn olè náà.

Níbi iṣẹ́ wa, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n wá fún ní páásíwọ́ọ̀dù tiwọn: ẹnì kan á kọ iye owó, ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i, igbákejì sì wà fún ọjọ́ tí ọ̀gá ò bá sí. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ṣí bébà náà kúrò lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ó fà á ya.