Ojúṣe Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Nínú Àbójútó Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń Kọ́ṣẹ́ Ìgbaninímọ̀ràn

Àṣamọ̀

Bébà yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ojúṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a yàn láti bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn. A wo bí iṣẹ́ náà ṣe fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tí ó ya àbójútó rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti ìdánrawò olùkọ́ni, ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é, àti ipa tí èdè Yorùbá ń kó nínú rẹ̀. Èrò wa ni pé ẹrù méjì ni ó wà lọ́rùn alábòójútó: kí ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yanjú, kí ó sì dáàbò bo ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń gbà nímọ̀ràn. Bí méjèèjì bá forí gbárí, èkejì ni ó gbọ́dọ̀ borí.

Ìfáárà

Ìmọ̀ràn kì í ṣe àjèjì láwùjọ Yorùbá. Baálé, ìyá àgbà, babaláwo àti olórí ẹgbẹ́ ni àwọn ènìyàn ń gbé ọ̀ràn wọn tọ̀ lọ láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀rúndún ogún ni ìgbaninímọ̀ràn gbilẹ̀. Ní ọdún 1908 ni Frank Parsons dá ilé-iṣẹ́ ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà, láti ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ nípa iṣẹ́ tí wọn yóò yàn. Ní Nàìjíríà, ọdún 1959 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn sístà ìjọ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ṣètò ìtọ́sọ́nà nípa iṣẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde ìwé. A dá ẹgbẹ́ àwọn agbaninímọ̀ràn ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1976. Ní 1977 ni Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè fi ìdí àwọn agbaninímọ̀ràn múlẹ̀ nínú ètò ilé-ẹ̀kọ́.

Láti ìgbà náà ni a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tíọ́rì iṣẹ́ yìí. Ohun tí a kò tíì fún ní àkíyèsí tó ni bí a ṣe ń mójú tó wọn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ jókòó kojú ẹni tí ọ̀ràn ń bá jà.

Ìtumọ̀ Àwọn Ọ̀rọ̀ Kan

Nínú bébà yìí, agbaninímọ̀ràn ni ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Olùgbàmọ̀ràn ni ẹni tí ó gbé ọ̀ràn rẹ̀ wá. Alábòójútó ni olùkọ́ tí ó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lẹ́nu ìdánrawò.

Bí a bá tú 'ìmọ̀ràn' palẹ̀, 'mọ̀' àti 'ọ̀ràn' ni a ó bá nínú rẹ̀. Ẹni tí yóò gbani nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀ràn náà. Síbẹ̀, lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí a sọ ohun tí ẹlòmíràn yóò ṣe fún un ni 'gbani nímọ̀ràn' túmọ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé òye yìí wọ inú iṣẹ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lè wá sọ pé òun kò fẹ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí bàbá òun yàn fún òun. Kí ó tó sọ ọ́ dé ìdajì, akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wàásù ìgbọ́ràn sí òbí fún un. Àbójútó ni yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìfetísílẹ̀, ní bíbéèrè láìfi ẹ̀sùn kanni, àti ní bí a ṣe ń ran olùgbàmọ̀ràn lọ́wọ́ kí ó lè dé ibi ìpinnu fúnra rẹ̀.

Ìyàtọ̀ sí Ìdánrawò Olùkọ́ni

Ẹni tí ó bá ti ṣe T.P. rí mọ bí ó ṣe máa ń rí. Olùkọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò dé, ìgbà mìíràn láìsọ tẹ́lẹ̀. Yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Yóò wo ètò ẹ̀kọ́, ohun-èlò ìkọ́ni àti ìdarí kíláàsì. Yóò fún akẹ́kọ̀ọ́ ní máàkì, yóò sì lọ. Ọ̀nà yìí bá iṣẹ́ kíláàsì mu nítorí pé gbangba ni ìkọ́ni ti ń wáyé. Ìgbaninímọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn méjì ni ó wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn sì wà ní títì. Bí àjèjì bá jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú ìwé àti bírò, ohun tí ó gbé olùgbàmọ̀ràn wá kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàtọ̀ kejì ni pé àṣìṣe ibẹ̀ kò rọrùn láti tún ṣe. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ìṣirò kọ́ lónìí, a lè tún un kọ́ lọ́la. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ nílé bá tú àṣírí rẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́, ọmọ náà lè má tún la ẹnu fún àgbàlagbà kankan mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ìyàtọ̀ kẹta ni iye ìgbà. Ìbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ní táàmù kò tó. Ní Amẹ́ríkà, àjọ CACREP, tí a dá sílẹ̀ ní 1981 láti máa fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ àwọn agbaninímọ̀ràn, béèrè fún ó kéré tán wákàtí 100 nínú ìdánrawò ìbẹ̀rẹ̀, kí 40 nínú rẹ̀ jẹ́ ìjókòó pẹ̀lú olùgbàmọ̀ràn. Lẹ́yìn èyí ni wákàtí 600 níbi iṣẹ́, tí 240 nínú rẹ̀ jẹ́ ìjókòó bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, akẹ́kọ̀ọ́ ń rí alábòójútó rẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀, ó sì tún ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàdé àbójútó. A kò sọ pé kí a da ìlànà yìí kọ bí ó ṣe wà. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ wa ni pé ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni àbójútó, kì í ṣe ọjọ́ máàkì nìkan.

Ọ̀nà tí a Lè Gbà Ṣe Àbójútó

Bí alábòójútó kò bá lè jókòó nínú yàrá, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀? Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìròyìn. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí nìkan ni yóò kọ. Ohun tí ó fò ó dá, tí a ìbá fi ràn án lọ́wọ́, kò ní sí níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni gbígba ohùn sílẹ̀. Carl Rogers wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó fún ìwádìí àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1942 ni ó ti tẹ ọ̀rọ̀ olùgbàmọ̀ràn kan jáde láti ìjókòó àkọ́kọ́ títí dé èyí tí ó kẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960, Norman Kagan ní Michigan State University gbé e síwájú: yóò tún ìjókòó náà gbé sétí akẹ́kọ̀ọ́, yóò dá a dúró níbi tí ó bá yẹ, yóò sì béèrè ohun tí ó ń lọ lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ́jú náà. Lónìí, fóònù lásán lè gba ohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n olùgbàmọ̀ràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. A kò gbọdọ̀ fi ohùn náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a sì gbọ́dọ̀ pa á rẹ́ lẹ́yìn àbójútó.

Janine Bernard, nínú àlàyé rẹ̀ ti 1979, sọ pé ipò mẹ́ta ni alábòójútó lè dúró sí: olùkọ́, agbaninímọ̀ràn àti olùbádámọ̀ràn. Ẹ jẹ́ kí a wo akẹ́kọ̀ọ́ tí olùgbàmọ̀ràn bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, tí ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà. Ní ipò olùkọ́, alábòójútó yóò fi bí a ṣe ń dákẹ́ dúró ti ẹni tí ń sunkún hàn án. Ní ipò agbaninímọ̀ràn, yóò béèrè ohun tí ẹkún náà rú sókè lọ́kàn akẹ́kọ̀ọ́. Ní ipò olùbádámọ̀ràn, àwọn méjèèjì yóò jọ ro ohun tí ó kàn láti ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sábà máa ń nílò olùkọ́. Bí ó ṣe ń gbówọ́ sí i ni olùbádámọ̀ràn ń wúlò fún un jù.

Ọ̀rọ̀ Èdè Yorùbá

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, Yorùbá ni olùgbàmọ̀ràn fi ń sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ ìròyìn. Ohun púpọ̀ ń sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ wo gbólóhùn náà, 'ayé sú mi'. Ẹni tí kò rówó ọkọ̀ lè sọ ọ́ láìní èrò kankan nínú. Ẹni tí ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀ náà lè sọ ọ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé inú olùgbàmọ̀ràn kò dùn, alábòójútó kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí a béèrè síwájú. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ̀rọ̀ olùgbàmọ̀ràn gan-an bí ó ti sọ ọ́, ní Yorùbá. Kí alábòójútó sì kọ́ ọ láti béèrè tààrà, pẹ̀lú sùúrù: 'Ǹjẹ́ ó ti wá sí ọ lọ́kàn rí láti pa ara rẹ?' Bíbéèrè kọ́ ni yóò fi èrò náà sí i lọ́kàn.

Ọ̀wọ̀ náà tún wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ lè bá òbí tí ó tó bí i lọ́mọ pàdé. Bí ó ṣe máa kí i, bí ó ṣe máa tọrọ àyè, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi', kí ó tó béèrè ohun tí ó nira, ẹ̀kọ́ ni. Kò sì sí nínú ìwé tí a kọ sókè òkun.

Nígbà tí Àṣírí bá Forí Gbárí Pẹ̀lú Ẹ̀mí

Ní 1969, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní University of California, Berkeley, sọ fún onímọ̀ ìhùwàsí tí ó ń tọ́jú rẹ̀ pé òun yóò pa ọmọbìnrin kan. Onímọ̀ náà fi tó ọlọ́pàá ọgbà létí. Wọ́n mú akẹ́kọ̀ọ́ náà, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ ti sọ, ọ̀gá onímọ̀ náà pàṣẹ pé kí wọ́n má gbé ìgbésẹ̀ mìíràn láti dá a dúró. Kò sí ẹni tí ó kìlọ̀ fún Tatiana Tarasoff tàbí àwọn òbí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà sì pa á ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ní 1976, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní California dájọ́ pé ẹni tí ó ń tọ́jú ènìyàn lè ní ojúṣe láti dáàbò bo ẹni tí ewu náà dojú kọ.

Òfin California kì í ṣe òfin Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kàn wá: ọwọ́ ẹni tí ó ń pàṣẹ lókè wà nínú ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fi ire ọmọ síwájú nínú gbogbo ìgbésẹ̀ tí ó kàn án. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gba olùgbàmọ̀ràn àkọ́kọ́, alábòójútó gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ nípa ibi tí àṣírí mọ, ẹni tí yóò pè, àti ibi tí a lè darí ènìyàn sí, irú bí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ní Aró, Abẹ́òkúta, níbi tí Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954.

Ìgúnlẹ̀

Alábòójútó tún ni ẹnubodè iṣẹ́ yìí. Òun ni ó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìgboyà, òun náà ni ó sì lè sọ pé ẹnìkan kò tíì yẹ láti dá jókòó kojú olùgbàmọ̀ràn. Kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ má bàa di òjijì, ó yẹ kí ó ti máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó.

A dá a lábàá pé kí àwọn ẹ̀ka wa ka wákàtí àbójútó mọ́ iṣẹ́ olùkọ́ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ka wákàtí ìkọ́ni. Kí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà lọ́dọ̀ alábòójútó kan má pọ̀ ju èyí tí ó lè rí lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí a sì fàyè gba Yorùbá nínú ìròyìn ìdánrawò. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lórí ọ̀ràn yìí, ọmọ méjì ni ó wà lẹ́yìn ìyá: akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹni tí ó gbé ìṣòro rẹ̀ wá bá a.