Lílo Oògùn Apakòkòrò àti Àfikún Oúnjẹ fún Màlúù: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀

Púpọ̀ nínú màlúù tí à ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ló ń ti Òkè Ọya wá. Kí wọ́n tó dé odò-ẹran, wọ́n ti gba ọwọ́ darandaran, oníṣòwò àti awakọ̀ kọjá. Bí ó bá rẹ ọ̀kan nínú wọn lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ni ẹni tó wà nítòsí sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé yìí.

Ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àfikún oúnjẹ ni àwọn èròjà bí iyọ̀, kán-ún, egungun lílọ̀ àti fítámì, tí a ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran kí ara rẹ̀ lè le, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá gbẹ. Oògùn apakòkòrò, bíi pẹnisílìnì àti oxytetracycline, yàtọ̀ sí èyí. Ìwòsàn ni iṣẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ìsanra. Kò sì lè wo àrùn tí fáírọ́ọ̀sì bá fà, irú bí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu.

Ní nǹkan bí ọdún 1950, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé ẹran tó ń jẹ ìwọ̀nba oògùn yìí lójoojúmọ́ máa ń tètè dàgbà. Àṣà náà sì tàn kálẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn díẹ̀díẹ̀ a máa pa kòkòrò tí kò lágbára, a sì fi èyí tó lágbára sílẹ̀ láti máa pọ̀ sí i. Irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ lè gba inú ẹran, ìgbẹ́ àti omi dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Bí ó bá wá kọlu ọmọ wa, oògùn tí dókítà gbójú lé lè má ràn án mọ́. Ìdí nìyí tí orílẹ̀-èdè Sweden fi fòfin de àṣà náà ní 1986, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2006, tí Amẹ́ríkà sì fòpin sí i ní 2017 fún àwọn oògùn tó ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú ènìyàn.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, oògùn a máa wà nínú ẹran àti wàrà fún ọjọ́ púpọ̀. Iná ọbẹ̀ lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kì í pa gbogbo oògùn rẹ́. Nítorí náà ni ìwé ara ìgò fi máa ń sọ iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó pa ẹran náà. Ti oxytetracycline kan tó máa ń pẹ́ lára tó ọjọ́ 28.

A mọ̀ pé owó kékeré kọ́ ni màlúù kan. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kò bá ràn án, ọkàn olówó a máa sọ pé kí ó sáré tà á fún alápatà kí owó má baà wọmi. Ṣùgbọ́n àdánù náà kò tán síbẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹran ló gbé e.

Nítorí náà, a ń rọ ẹ̀yin olùsìn ẹran pé kí ẹ pe oníṣègùn ẹran kí ẹ tó gún abẹ́rẹ́, kí ẹ lo oògùn bó ti yẹ, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ lò ó sílẹ̀. Ẹ̀yin alápatà, ẹ bèèrè ọjọ́ náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí ẹran gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lásìkò, kí ibùjẹ rẹ̀ sì mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.