Ọgbà Agodi: Omi Gbé e Lọ, Ìjọba Tún Un Ṣe

Ọkọ̀ Ìbàdàn là ń dúró dè kó kún ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan rí àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọ̀kadà. Ó mi orí. "Nígbà tiwa, Agodi ní Ìbàdàn la ti ń lọ wo ẹranko lọ́jọ́ ọdún."

Ìyá aláta tó gbé agbọ̀n tòmátì sẹ́sẹ̀ kọ̀ jálẹ̀: "Bàbá, ẹ má bínú, Yunifásítì Ìbàdàn lẹ ní lọ́kàn. Ibẹ̀ la ti ń wo Imade, ìnàkí ńlá yẹn." Bàbá ní tiwọn nìyẹn, tòun ti wà ní Agodi kí odò Ògùnpa tó gbé e lọ. Dírẹ́bà bá dá sí i: "Bàbá, ọgbà wo ló wà ní Agodi kí gómìnà Ajímọ̀bi tó dé?" Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. "Ta ló bí ẹ ní 1967?"

Bàbá ló jàre. Ọgbà ẹranko Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948 nítorí ẹ̀kọ́; Agodi dé ní 1967, láyé gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀. Ní 31 oṣù kẹjọ 1980, Ògùnpa ya, ó pa èèyàn tó lé ní igba, ó sì gbá ọ̀pọ̀ ẹranko Agodi lọ. Ìjọba Ajímọ̀bi ló tún un ṣe, tí wọ́n sì ṣí i padà ní 2014.

Ilẹ̀ náà tó 150 éékà. Ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀, omi ìlúwẹ̀ẹ́ náà wà. Ó dùn-ún wò. Àmọ́ ẹni tó kàn fẹ́ jókòó sábẹ́ igi gbọ́dọ̀ sanwó lẹ́nu géètì, ariwo òde àríyá kì í sì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn ẹyẹ.

Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ fi ilẹ̀ olómi Agodi yẹn sílẹ̀ fún igi gbọ́n. Omi tó bá gba orí koríko kọjá á fà. Èyí tó bá bá ṣọ́ọ̀bù àti yàrá lójú ọ̀nà, òkú ló ń sùn. Ifẹ̀ náà ní ọgbà ẹranko tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà, kì í ṣe àárín ìlú. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin onílẹ̀ Ifẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí odò Ẹ̀sìnmìrìn sílẹ̀ fún igi kí ilé tó gbà á tán.