Ìwé Kíkà àti Iṣẹ́ Lẹ́yìn Tí Ọpọlọ Bá Fara Pa

Bí ọ̀dọ́ kan bá yè nínú ìjàǹbá ọ̀kadà, tí egbò orí rẹ̀ sì jinná, ohun tí a máa ń bi í ni ìgbà tí yóò padà sí ilé-ìwé. Ọpọlọ kì í tètè jinná bí awọ orí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ka ojú ewé kan tán kí ó má rántí rẹ̀ mọ́. Àárẹ̀ sì lè mú un kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwa a sì pè é ní ọ̀lẹ. Èmi pàápàá ti jẹ̀bi èyí rí.

Ó sàn kí ó fi ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì bẹ̀rẹ̀, kí ó máa kọ nǹkan sílẹ̀, kí ó sì máa sinmi láàrin. Yunifásítì NOUN, tí ìjọba tún ṣí ní 2002, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ń rọra kàwé láti ilé.

Ní ti iṣẹ́, òfin ọdún 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá sọ pé, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí wọ́n tó 5 ó kéré tán nínú 100 òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa lè wà lára wọn, bí a kò tilẹ̀ rí àpá kankan. Ìwé dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ bá a gbà.