Alcohol Inú Ìpara Kì Í Ṣe Ọtí: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tó Ń Po Ìpara Tà

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú ọjà Akaka, ọ̀rọ̀ ìpara la fẹ́ sọ lónìí, torí ó ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa lẹ́ẹ̀mejì, a ò sì fẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kẹta.

Èkíní, ọ̀kan nínú wa po ìpara, ó kó o sórí àtẹ. Oníbàárà kan mú ike kan, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó rí "cetyl alcohol". Ló bá jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, ọtí lẹ fi sí i? Ọtí ò gbọdọ̀ kan ara mi o." Ó sọ fún ẹlòmíì, ìyẹn náà sọ fún ẹlòmíì. Títí ilẹ̀ fi ṣú lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò ra ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kejì ló dùn wá jù. Ọmọ ẹgbẹ́ wa míì gbọ́ pé alcohol ló ń mú ìpara ki. Kò béèrè irú èwo. Ó ra sípíríìtì tí wọ́n fi ń nu ojú egbò, ó dà á sínú òrí àti àdín. Ìpara ò ki, sípíríìtì dá dúró lọ́tọ̀. Ó rò ó pọ̀ tipátipá, ó fi pa ọmọ ọmọ rẹ̀ lára nígbà ọyẹ́. Ọmọ náà sunkún mọ́jú, ara rẹ̀ gbẹ, ó sán. A dúpẹ́ pé ó ti san. Àṣìṣe kan náà ló bí méjèèjì: orúkọ kan tó ń jẹ́ ti ohun púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà wa ṣàlàyé. Bí èèyàn bá dúró láàárín ọjà tó pe "Ìyá Ìbejì", ó kéré tán obìnrin mẹ́ta á dáhùn. Ẹ̀yin náà ò ní gba owó tí Ìyá Ìbejì aláṣọ jẹ yín lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì ẹlẹ́ran. Bẹ́ẹ̀ ni alcohol rí. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ethyl alcohol ló wà nínú bíà àti ògógóró. Òun náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ sánítáísà tí gbogbo wa ń fi pa ọwọ́ nígbà kòrónà lọ́dún 2020. Ẹ ò rántí bí ọwọ́ ṣe ń gbẹ? Methyl alcohol, tí wọ́n tún ń pè ní methanol, májèlé ni. Òun ló wà nínú ògógóró tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015. Àwọn méjèèjì yìí ṣàn bí omi, wọ́n sì tètè ń fẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n cetyl alcohol, stearyl alcohol àti cetearyl alcohol, tó jẹ́ àdàlù àwọn méjèèjì, ọ̀rá ni wọ́n. Wọ́n funfun, wọ́n le, wọ́n rí bí àbẹ́là tí wọ́n rún wẹ́wẹ́. Wọn ò yọ́ nínú omi, wọn ò rùn bí ọtí, wọn kì í pa èèyàn bí ọtí. Dípò kí wọ́n gbẹ ara, ńṣe ni wọ́n ń mú un rọ̀. Àjọ FDA tó ń ṣọ́ irú ọjà báyìí ní Amẹ́ríkà gan-an ṣàlàyé pé ìpara tí wọ́n kọ "alcohol free" sí lára lè ní wọn nínú, torí ethyl alcohol nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Níbo ló ti wá? Ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Michel Chevreul, ló kọ́kọ́ rí cetyl lọ́dún 1817, láti inú ọ̀rá ẹja àbùùbùtán. Lónìí, epo ọ̀pẹ ni wọ́n ń lò jù láti fi ṣe é, pàápàá ti Màléṣíà àti Indonéṣíà. Ẹ ò rí nǹkan! Igi tó kún oko wa ní Rẹ́mọ yìí náà lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ń sá fún un nínú ìpara, tó sì ń fi epo jẹ iṣu, ìbátan rẹ̀ ló ń jẹ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń mú ìpara ki, ó ń mú ara jọ̀lọ̀, ó sì ń ran omi àti òróró lọ́wọ́ kí wọ́n má tú ká. Ṣùgbọ́n òun nìkan ò lè so wọ́n pọ̀ o. Emulsifying wax ni alárinà, cetyl kàn ń bá a di ìdílé náà mú ni. Ibi tí púpọ̀ nínú wa ti ń pàdánù owó nìyẹn: wọ́n ra cetyl, wọn ò ra wax, ìpara di omi lọ́tọ̀, òróró lọ́tọ̀.

Bí a ṣe ń po kílò kan nìyí. Sìkéèlì la fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ojú:
Omi tó mọ́, 700 gíráàmù.
Òrí, 120.
Àdín tàbí òróró àgbọn, 80.
Emulsifying wax, 60.
Cetyl alcohol, 30.
Preservative, 10.

Ẹ yọ́ òrí, òróró, wax àti cetyl pọ̀ nínú abọ́ tó wà lórí omi gbígbóná, kí gbogbo rẹ̀ yọ́ tán. Cetyl ń yọ́ ní nǹkan bí 49 lórí òṣùwọ̀n ooru, stearyl ní nǹkan bí 59. Ẹ gbé omi kaná lọ́tọ̀, kí méjèèjì gbóná bákan náà, torí bí omi bá tutù, cetyl á dì ní kóró-kóró. Ẹ dà wọ́n pọ̀, ẹ máa rò ó títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà yẹn lẹ ó tó fi preservative sí i. Bó bá jẹ́ phenoxyethanol, kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 10 nínú kílò kan. Ẹni tó bá fo èyí dá, ìpara rẹ̀ á bu, torí ibi tí omi bá wà ni kòkòrò ń gbé.

Ti irun ńkọ́? Fún kọ̀ndíṣọ́nà, BTMS la ń lò dípò wax, torí òun ló ń lẹ̀ mọ́ irun: omi 910, BTMS 40, cetyl 30, òróró àgbọn 10, preservative 10. Bákan náà la ṣe ń pò ó. Wọ́n á fi í sí irun lẹ́yìn fífọ̀, wọ́n á sì fi omi ṣàn án. Kó-ǹ-kó á rọ̀, ìyarun ò ní máa fa omijé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta òrí lásán, tí oòrùn ń sọ ọ́ di omi lórí àtẹ, ẹ yọ́ cetyl gíráàmù 5 mọ́ òrí 95. Yóò le díẹ̀ sí i. Kò sí omi níbẹ̀, kò sí wax níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó lo ìpara tuntun, kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí abẹ́ apá, kó dúró di ọjọ́ kejì, torí ara ẹlòmíì ń kọ cetyl, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ́pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ máa tà fún aráyé, òfin ni kó gba nọ́ńbà NAFDAC. Bí ẹ bá sì lọ ra kẹ́míkà ní Ọjọ́ta l'Ékòó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè kàwé ka orúkọ ara àpò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Bí oníbàárà bá béèrè, ẹ má bínú sí i. Ẹ fi ìwọ̀nba cetyl sí ike kékeré lórí àtẹ, kó fi ọwọ́ kàn án, kó gbóòórùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀sìn ló ń kọ ọ́ lóminú, kó bi olórí ẹ̀sìn rẹ̀, a ò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárín àwa, ẹ jẹ́ ká fẹnu kò báyìí: sípíríìtì ò gbọdọ̀ wọ ìpara mọ́ lọ́jà wa. Ẹni tí kò bá mọ̀, kó béèrè. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́